Wẹ́dà tó ń bá mi ṣe irinṣẹ́ PE ní Ìjẹ̀bú-Òde: ohun tí mo gbà àti ohun tí mo dá padà

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS ní PE, ìyẹn ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, ní ilé-ìwé ìjọba kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Àǹtí PE ni wọ́n ń pè mí. Àwọn òbí míì ò tiẹ̀ mọ orúkọ mi. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn ni mo fẹ́ sọ, torí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi láti Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Igbó ò jẹ́ n sinmi: "Níbo lẹ ti rí họ́dù yẹn?" "Ta ló bá yín ṣe ṣọ́ọ̀tì?" Họ́dù ni férémù tí asáré ń fò kọjá, ṣọ́ọ̀tì ni bọ́ọ̀lù irin tí a ń jù. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tó dáa àti ibi tó kù sí.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò ní pátákó orúkọ. Bí ẹ bá jáde láti ìgboro tí ẹ dorí kọ apá Orù, ẹ ó rí géètì àtijọ́ àti férémù wíńdò tí wọ́n tò jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni. Bàbá Wẹ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọ̀gá ibẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló ní, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yí irin sì wà ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tiẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí tíṣà PE fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wẹ́dà. Àwọn kan rò pé PE ni wákàtí tí ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù kó tó padà sí kíláàsì ìṣirò. Ní JSS, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ńṣe ni wọ́n kó o pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọwọ́ àti kọ̀ǹpútà, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń dé ọ̀dọ̀ mi ní SS1 ni kò tíì fọwọ́ kan irinṣẹ́ eré kankan rí yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù. Ní SS, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ á kọ́ bí iṣan ṣe ń sún kì àti bó ṣe ń nà, á kọ́ bí a ṣe ń ka ìlù ọkàn, á mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣan tó fà ya àti okùn oríkèé tó fà ya, á mọ òfin eré kọ̀ọ̀kan. WAEC á dán an wò lórí ìwé, á sì tún dán an wò lórí pápá. Ọmọ lè ka "kílò 4 ni ṣọ́ọ̀tì àwọn obìnrin" títí yóò fi há a lórí. Lọ́jọ́ tí aṣàyẹ̀wò bá ní kó gbé e, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò dáhùn.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Wẹ́dà gan-an nìyí. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra ṣọ́ọ̀tì méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan nílùú ńlá kan. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ "4 KG" sára méjèèjì. Mi ò wọ̀n wọ́n, mo gba ohun tí mo kà gbọ́. Odindi táàmù kan ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin mi. Ọmọ SS2 kan wà nínú wọn tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Bó bá jù ú, gbogbo kíláàsì á hó yèè. Nígbà tí a wá lọ figagbága pẹ̀lú àwọn ilé-ìwé míì, wọ́n fún un ní tiwọn. Mo wò ó bó ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Mo rí i tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, bí ìgbà téèyàn gbé garawa tó rò pé ó ṣófo, tí omi sì kún inú ẹ̀. Ó jù ú. Ó fi mítà kan àti ààbọ̀ kúrú sí ibi tó máa ń jù ú dé nílé. Ó yíjú sí mi, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Àǹtí, èyí wúwo ju tiwa lọ."

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ṣọ́ọ̀tì wa sínú báàgì, mo bá tọ ìyá kan lọ tó ń ta ẹja tútù ní ọjà Òkè-Àjẹ́. Mo ní, "Mà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn nǹkan." Ó nu orí òṣùwọ̀n rẹ̀, ó gbé irin náà síbẹ̀. Kílò 3.4. Mo gbé ìkejì fún un: 3.5. Ìyá náà wo ohun tí wọ́n kọ sára irin, ó wo òṣùwọ̀n, ó ní, "Bí mo bá fi báyìí wọn ẹja fún oníbàárà, wọ́n á da ẹja lé mi lórí." Mo padà sí kíláàsì, mo sọ ohun tí mo rí fún gbogbo wọn, mo sì bẹ ọmọ náà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀. Èmi náà sunkún nígbà tí mo délé.

Láti ọjọ́ yẹn, n kì í gba irinṣẹ́ kankan láìwọ̀n ọ́n.

Owó tí a fi ṣe nǹkan tuntun wá látọ̀dọ̀ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra) tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé wa àtijọ́ pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn Ojúde Ọba, nígbà tí àwọn ará Èkó ò tíì padà, wọ́n yà wá wò, wọ́n bi mí léèrè ohun tí PE nílò. Wọ́n ti ń retí pé jẹ́sì ni n óò sọ. Mo ní irin ni mo fẹ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé fún Bàbá Wẹ́dà ni òrùka irin tí ajù-ṣọ́ọ̀tì ń dúró sínú ẹ̀. Ìwọ̀n inú rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 2.135. Bàbá ní kí n sọ gígùn irin tí òun máa rà. Mo gbé ìbéèrè náà fún àwọn ọmọ SS2 mi kí wọ́n ṣírò ó: 6.71. Irin pẹlẹbẹ tó wà lọ́jà lọ́dọ̀ wa ò tó mítà 6, ìyẹn ni pé ọ̀kan ò lè ká a, àfi kó jó ègé mìíràn mọ́ ọn. Ó kan ìṣó sílẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa òbìrí sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ó wá ń tẹ irin náà díẹ̀díẹ̀, tó ń gbé e lé ojú ṣọ́ọ̀kì, tó tún ń gbé e kúrò. Ọ̀sán odindi ló fi ṣe é. Nígbà tó parí, mo na tépù síbẹ̀ lọ́nà mẹ́rin: 2.13, 2.14, ẹ̀ẹ̀mejì tó kù sì jẹ́ 2.135 géérégé. Òfin fàyè gba kó fi mìlímítà 5 lé tàbí kó fi 5 dín. Ojú ibi tó jó pọ̀ ni mo fi ìka tọ́, mi ò sì mọ ibi tí ègé kan parí sí. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó bá mi ṣe.

Fún ẹ̀yin tíṣà tí ẹ̀ ń fi ojú díwọ̀n ibi tí ṣọ́ọ̀tì ń balẹ̀ sí: ẹ wọn mítà 20 láti àárín òrùka lójú ìlà kọ̀ọ̀kan nínú méjì tó pààlà ibẹ̀, kí ẹ rí i pé àyè tó wà láàárín ìlà méjèèjì níbẹ̀ jẹ́ mítà 12. Okùn àti ọmọ mẹ́ta ti tó fún iṣẹ́ yẹn, igun yín á sì bá òfin mu.

Ṣọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ wá láti ara ọ̀pá irin ńlá tí wọ́n yọ kúrò nínú ẹ̀rọ ilé ìlagi àtijọ́ kan. Irin tó dì ni, kò ní ihò nínú. Bàbá gé e, ó gbé e fún ẹnìkejì rẹ̀ tó ń fi ẹ̀rọ yí irin. Mo jókòó ti ọkùnrin náà, mo ń wo irin bó ṣe ń já bọ́ lára rẹ̀ bí èèpo iṣu, gígùn, ó ń ká, ooru sì ń rú jáde lára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kílò 4 tó jẹ́ irin gidi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 10 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, òfin sì ní kó wà láàárín 9.5 àti 11. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja, ó jẹ́ 4.12. A padà, ó tún gé díẹ̀ kúrò. Ìgbà kejì, 4.04. Ìgbà kẹta, 4.01. Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ohun tí òfin ò gbà ni kó dín ní 4. Ìyá ẹlẹ́ja ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Àléébù kan wà lára ẹ̀: ibi tí ẹ̀rọ ti di irin mú, ojú kékeré kan pẹlẹbẹ níbẹ̀, tó fẹ̀ tó owó ẹyọ àtijọ́. Wọ́n fi bébà oníyanrìn nù ún títí, ó dín kù ṣùgbọ́n kò tán. Àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á yí i kúrò lọ́wọ́ kí wọ́n tó jù. N ò ní sọ pé kò dùn mí, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn ju irin tó dán tó ń purọ́ lọ.

Họ́dù wá ni ìtàn gidi. Mẹ́rin ni mo ní kó ṣe. Mo ya á fún un sórí ìwé: ẹsẹ̀ méjì tó sùn sílẹ̀, òpó méjì tó dìde ní ìpẹ̀kun wọn, pákó aláwọ̀ dúdú àti funfun lókè. Bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà L ni. Nígbà tí mo padà dé ní ọjọ́ kẹrin, mo bá àkọ́kọ́ lórí ìdúró, ó ti jó ẹsẹ̀ míì mọ́ ọn lápá kejì, ó wá dà bíi T tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Bàbá fi ẹsẹ̀ tì í, kò mì. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀.

"Àǹtí, ìwé yín ti gbàgbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, mo ti bá yín fi kún un. Ohun tí mo bá jó, kì í ṣubú."

Mo kí i dáadáa, torí ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é, kò sì gba owó lé e. Lẹ́yìn náà ni mo wá ní, "Bàbá, èyí gbọ́dọ̀ máa ṣubú ni o."

Ó yọ dígí dúdú kúrò lójú. "Ẹ fẹ́ kí n ṣe nǹkan kó máa ṣubú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kó ṣubú síwájú. Bí họ́dù bá kọ̀ tí kò ṣubú, ọmọ ni yóò ṣubú."

Mo ṣí fóònù mi. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí ìpínlẹ̀ wa gbàlejò eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà, mo kó ọmọ mẹ́rin lọ sí Abẹ́òkúta, sí pápá MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀, mo sì ya fídíò àwọn tó ń sáré họ́dù. Mo fi han Bàbá: obìnrin kan fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, họ́dù dojú bolẹ̀ síwájú, obìnrin náà ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ kọjú sí apá ibi tí asáré ti ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tó máa dá a dúró bó bá ń lọ síwájú. Ó wò ó ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá wò ó. Kò bá mi jiyàn mọ́, ó gbé ẹ̀rọ ìgérin, ó gé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà kúrò lójú mi.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ò tíì tán, torí họ́dù tó bá tún ń ṣubú bí atẹ́gùn bá fẹ́ kì í ṣe họ́dù. Agbára tó lè tì í ṣubú láti àárín pákó òkè gbọ́dọ̀ wà láàárín kílò 3.6 sí 4, àpapọ̀ ìwúwo rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín ní kílò 10. A yá òṣùwọ̀n oníkọ̀ọ́ lọ́wọ́ alápatà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, a fi kọ́ pákó òkè, ọmọ iṣẹ́ kan ń fà á díẹ̀díẹ̀, èmi ń wo ọwọ́ òṣùwọ̀n. Kílò 2, ó ti dìde. Ó fúyẹ́ jù. Bàbá rò ó fúnra rẹ̀, èmi ò sọ fún un: ó wá ègé irin tó dì, ó jó o mọ́ ìpẹ̀kun ẹsẹ̀ nílẹ̀, níbi tó jìnnà sí òpó jù. A tún fà á: 3. Ó fi òmíràn kún un: 3.8. Ariwo tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn pa, ẹ ó rò pé Remo Stars ló gbá góòlù wọlé.

Ihò márùn-ún ló lu sára òpó kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìṣó tí a lè fà yọ tí ó so ṣéènì mọ́ kó má baà sọnù: 76.2, 83.8, 91.4, 99.1 àti sẹ̀ǹtímítà 106.7. Àwọn ọmọbìnrin mi tí kò tíì pé ọdún 18 ń lo 76.2, àwọn ọmọkùnrin ń lo 91.4, èyí tó ga jù wà fún àgbà ọkùnrin tó ń sá mítà 110.

Ibí ni àléébù rẹ̀ tó tóbi jù wà, kí ẹ sì fi sọ́kàn bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín. Irin ìpẹ̀kun ẹsẹ̀ yẹn, ó jó o mọ́ ọn pátápátá, kò ṣeé sún. Bẹ́ẹ̀, bí pákó bá ṣe ń ga sí i ni họ́dù ń rọrùn láti tì ṣubú sí i. Tiwa tó jẹ́ 3.8 ní 76.2, nígbà tí a gbé e dé 91.4, kò ju 3.2 lọ, ní 106.7, 2.7 ni. Ewu kò sí níbẹ̀ fún ọmọ, àmọ́ kò tó ìwọ̀n. Ẹ sọ fún Bàbá látìbẹ̀rẹ̀ pé kó ṣe irin náà kó ṣeé sún síwá-sẹ́yìn, kó fi bóòtù dè é. Ó ti gbà pé òun lè ṣe é. Owó rẹ̀ á lé díẹ̀.

Bátánì rìléè, ọ̀pá kékeré tí àwọn asáré ń fi lé ara wọn lọ́wọ́, ò dùn mọ́ mi. Páìpù alumíníọ̀mù ló fi gé e, gígùn rẹ̀ dáa, sẹ̀ǹtímítà 29, láàárín 28 àti 30 tí òfin sọ. Ṣùgbọ́n etí ibi tó gé mú bí abẹ. Ọmọ kan ń fi fún ẹnìkejì rẹ̀, ó ya á lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bàbá fi fáìlì rà á títí ó fi jọ etí ife, ó fi ike bo ìpẹ̀kun rẹ̀, ó ní kí n bá òun bẹ ọmọ náà. Ó fi bisikíìtì rán mi sí i. Bí ẹ bá ra ohunkóhun lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ fi ìka yí gbogbo etí rẹ̀ ká kí ẹ tó sanwó.

Mo tún bi í nípa ọ̀kọ̀ jíjù. Ó ní rárá. Ó gbé èyí tí mo mú wá fún àpẹẹrẹ, ó fi ìka kan gbé e ró láàárín, ó wò ó bó ṣe ń mì. "Èyí, ẹni tó ṣe é mọ ohun tí mi ò mọ̀. N ò ní gba owó yín lórí ẹ̀." Ìdáhùn yẹn ló mú kí n gbà pé òótọ́ ni gbogbo ìyókù tó sọ fún mi.

Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Òde-Lẹ́mọ ni, ìlú tí wọ́n ti bí Fálílátù Ògúnkọ̀yà tó jẹ́ asáré, ẹ ò sì lè jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n má fà á wọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí Màmá ń sọ ọ́, pé ní Òlíńpíìkì Atlanta lọ́dún 1996, Fálílátù sá mítà 400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 49.10, ó gba ipò kẹta lẹ́yìn Pérec ti Faransé àti Freeman ti Ọsirélíà, ó sì tún bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba fàdákà nínú rìléè. Nígbà tí a padà dé pápá, àwọn ọmọ ní kí n fún àwọn ní agogo, kí àwọn wo ibi tí ẹsẹ̀ àwọn máa gbé àwọn dé kí 49.10 tó pé. Wọ́n ò dé ibi tí wọ́n rò. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bá agogo yẹn jà.

Owó rẹ̀ wá. Họ́dù kọ̀ọ̀kan, ₦22,000. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ béèrè èyí tó ti òkèèrè wá, ó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Òrùka, ₦35,000. Ṣọ́ọ̀tì, ₦14,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bátánì mẹ́rin, ₦6,000. Owó irin ń yí padà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó ṣètò. Ó máa ń gba ìdajì ṣáájú, ó sì ń fún èèyàn ní rìsíìtì bí ẹ bá sọ fún un pé owó ilé-ìwé ni.

Ọ̀rọ̀ àkókò, ẹ má gba ọjọ́ tó bá dá fún yín. Ó ní ọjọ́ márùn-ún, mo lo ọjọ́ mẹ́rìnlá. Iná ò sí fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí iná dé, ẹnìkan gbé géètì wá. Ó bínú sí ara rẹ̀ ju bí mo ṣe bínú lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rìnlá ni. Bí ìdánwò orí pápá bá ń bọ̀, ẹ fún un ní oṣù kan. Ọ̀dà rẹ̀ náà ò lágbára. Òjò táàmù kan ti bó o lára họ́dù méjì, mo sì ti fọwọ́ ara mi tún un kùn.

Òwúrọ̀ Sátidé ló dáa jù láti lọ, kí àwọn onígéètì tó dé. Ẹ mú tépù tiyín dání. Ẹ ya ohun tí ẹ fẹ́ sórí ìwé, kí ẹ kọ ìwọ̀n sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tó máa ṣe fún un, pàápàá ohun tó yẹ kó máa ṣubú.

Mo ti sọ fún un pé kó ṣe ṣọ́ọ̀tì kílò 3 méjì fún àwọn ọmọbìnrin SS1. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa lọ gbé e, n óò sì gba ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja kọjá kí n tó dé ilé-ìwé.